Ìtọ̀ Tí Kì í Fúnni Ní Àyè: Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jú fún Àwọn Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ ní gbangba. Àwọn ìyá a máa sọ ọ́ fún ara wọn ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rárá. A ti rò ó títí, a sì ti pinnu láti sọ ọ́ ní kedere, nítorí pé ìtìjú tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ń ba ayé àwọn àgbà obìnrin jẹ́ ju àìsàn náà tìkára rẹ̀ lọ. Bí a bá pe ohun kan ní orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ẹ má ṣe bínú sí wa. Ara tí Ọlọ́run dá ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 68. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ọkọ ni ó ti ń jókòó ní àga kejì láti iwájú nínú ilé Ọlọ́run. Ní ọdún tí ó kọjá, ó kó lọ sí àga ìkẹyìn ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rò pé ẹnì kan ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, kò wá sí ìsọ́ òru mọ́. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìyá ń lọ sí ìpàdé ní ìlú mìíràn, ó wí pé ẹsẹ̀ ń dun òun; òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ yóò rin wákàtí 3 kí ó tó dúró. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, kì í fi omi kan ẹnu. Aṣọ funfun tí í ṣe aṣọ ẹgbẹ́, ó ti kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì ń ró ìró tí ó dúdú nìkan. Ọmọ rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ni. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìtọ̀ ni ìyá náà ń sá fún.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ a máa mú wa rántí obìnrin inú Ìhìnrere, ẹni tí ìsun ẹ̀jẹ̀ dà láàmú fún ọdún 12, tí ó sì gba ẹ̀yìn wá láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó pẹ́ kí ó tó sọ tirẹ̀ jáde. Àwọn ìyá tiwa náà ń gba ẹ̀yìn wá, wọ́n sì ń gba ẹ̀yìn lọ, kí ọ̀rọ̀ ìbùkún tó parí.

Àìsàn tí a ń wí yìí ni a óò máa pè ní àpò ìtọ̀ oníwàǹwára. Àmì rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ ni pé ìtọ̀ a dédé gbọ̀n ènìyàn lójijì, pẹ̀lú ipá tí kò fẹ́ gbọ́ pé kí a dúró. Ẹni tí ó ní i a sábà máa lọ tọ̀ ju ìgbà 8 lọ láàrin òwúrọ̀ sí òwúrọ̀. A máa jí i lójú oorun. Nígbà mìíràn ìtọ̀ a sì jáde kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Èyí yàtọ̀ sí ti obìnrin tí ìtọ̀ ń ta sílẹ̀ lára rẹ̀ kìkì nígbà tí ó bá wúkọ́, tàbí tí ó bá sín, tàbí tí ó bá gbé ẹrù wúwo. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ní méjèèjì pọ̀. Ó sì yàtọ̀ gidigidi sí ti obìnrin tí ìtọ̀ ń kán lára rẹ̀ láìdúró lẹ́yìn ìrọbí tí ó le, nítorí pé ojú ihò kan ti là nínú ara rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú ti ìkẹyìn yìí, kì í ṣe ìmọ̀ràn tí a óò fún yín lónìí, kò sì yẹ kí a fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí a tó sọ ti ìtọ́jú, ó yẹ kí a mọ bí àpò náà ti ń ṣiṣẹ́. Kíndìnrín méjèèjì ni ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ omi àti ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Omi yìí ń ṣàn wọ inú àpò ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Iṣan ni ara àpò náà, a sì máa fẹ̀ bí omi ti ń wọ inú rẹ̀, títí yóò fi gba nǹkan bí ìdajì lítà. Ṣùgbọ́n kí ó tó kún dé ibẹ̀ ni yóò ti ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé omi ń dé o. Ọpọlọ a sì dá a lóhùn pé kí ó ní sùúrù. Nígbà tí a bá dé ibi tí ó yẹ, ọpọlọ a yọ̀ǹda, àpò a fún ara rẹ̀ pọ̀, ìtọ̀ a sì jáde. Nínú àpò oníwàǹwára, iṣan náà kì í dúró de ìyọ̀ǹda. A máa fún ara rẹ̀ pọ̀ nígbà tí omi inú rẹ̀ kò tíì ju ife kékeré kan lọ.

Ẹ kíyèsí i pé a kò bí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú sùúrù yìí. Gbogbo wa ni a tọ̀ sí ẹ̀yìn ìyá wa. Nígbà tí a di ọmọ ọdún 2 tàbí 3 ni a kọ́ wa, pẹ̀lú ìyìn lọ́jọ́ kan àti ìbáwí lọ́jọ́ kejì, títí ọpọlọ àti àpò fi mọ ohùn ara wọn. Ohun tí a ti kọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, a lè tún un kọ́, àní bí ènìyàn bá ti pé 70 ọdún. Lórí ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ìtọ́jú tí a fẹ́ sọ dúró lé.

Kí ni ó ń ba ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà jẹ́? Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí ní ìpín tirẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dá, èròjà ara tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ẹ́sítírójìn a dínkù, awọ ojú ara àti ti ọ̀nà ìtọ̀ a sì fẹ́lẹ́. Ọmọ bíbí a máa dẹ iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí. Ara tí ó sanra jù a máa tẹ àpò náà mọ́lẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá gan nínú ìfun, òun náà a gba àyè lọ́wọ́ àpò ìtọ̀, nítorí pé aládùúgbò ni wọ́n. Àrùn àtọ̀gbẹ a máa mú kí ìtọ̀ pọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ a máa ba ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ jẹ́. Oògùn kan tí a fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti fa omi jáde. Ẹni tí ó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀; kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà bí ó bá lè máa lò ó ní òwúrọ̀ dípò alẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí àwọn ìyá fúnra wọn ń ṣe, tí wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ni, tí ó sì ń mú ọ̀ràn náà burú sí i. Èkíní ni pé wọ́n a máa lọ tọ̀ nígbà gbogbo kí ó má bàa gbọ̀n wọ́n: kí wọ́n tó jáde nílé, nígbà tí wọ́n bá dé ọjà, kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àpò tí a ń sọ dòfo kí ó tó kún yóò gbàgbé bí a ti í kún. Èkejì ni omi tí wọn kì í mu. Ó dàbí ọgbọ́n pé ẹni tí kò mu kò ní tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi kò bá tó nínú ara, ìtọ̀ a pọ́n, a sì ki, a máa ta àpò náà lára, òun a sì tún máa kánjú sí i. Ìgbẹ́ pẹ̀lú a le. Nínú ooru ilẹ̀ wa, òòyì lè kọ́ àgbà tí kò mu omi láti òwúrọ̀, kí ó sì ṣubú láàrin orin ìyìn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa àkọ́kọ́ ni pé kí ìyá máa mu omi tí ó tó, ìyẹn ni nǹkan bí ife 6 sí 8 ní ọjọ́ kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ tó lítà kan ààbọ̀ sí lítà 2. Ẹ̀kọ mímu àti omi ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò náà. Kí ó mu èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ láàrin òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba; nígbà tí ó bá ku wákàtí 2 tàbí 3 kí ó sùn, kí ó dá ife dúró. Ẹni tí àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín bá ń ṣe, kí ó tẹ̀lé ìwọ̀n tí dókítà bá fún un, kí ó má ṣe tẹ̀lé tiwa.

Ìmọ̀ràn kejì yóò dun àwọn àgbà díẹ̀. Obì àbàtà àti gbànja ní èròjà kan nínú tí a ń pè ní káféènì. Ohun kan náà ni ó wà nínú kọfí, nínú tíì, àti nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú tí a ń gbé fún àlejò. Òun ni ó ń lé oorun lọ, òun náà ni ó sì ń ru àpò ìtọ̀ sókè. Ìyá tí ó bá ń jẹ obì kí ó má bàa sùn níbi ìsọ́ òru ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ohun tí yóò gbé e dìde kí a tó parí àdúrà àkọ́kọ́. A kò wí pé kí ẹ má fi obì ṣe àlejò mọ́. Ohun tí a wí ni pé kí ẹni tí àìsàn yìí ń dà láàmú dín in kù fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kí ó dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ti ń jẹ ẹ́ fún ogójì ọdún, tí ó sì dá a dúró lójijì, orí yóò fọ́ ọ. Ní ti oúnjẹ, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, èyí tó fún wa láti sọ.

Nísinsìnyí a dé orí ẹ̀kọ́ àpò ìtọ̀ gan-an. Kí ìyá náà wá ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ 3, kí ó máa kọ àkókò tí ó mu nǹkan, àkókò tí ó tọ̀, àti ìgbà tí ara rẹ̀ bá tutù. Bí ojú kò bá ríran tó, ọmọ-ọmọ yóò bá a kọ ọ́. Ìwé yìí a máa ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó rò pé òun ń tọ̀ nígbà gbogbo lè rí i pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ni, tàbí pé kìkì lẹ́yìn tíì òwúrọ̀ ni wàhálà pọ̀ jù. Nígbà tí ó bá ti mọ iye wákàtí rẹ̀, kí ó fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Ẹni tí ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó máa lọ ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, bí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, bí kò sì gbọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti rọrùn fún un fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tún fi ìṣẹ́jú 15 mìíràn kún un. Ibi tí a ń lọ ni wákàtí 3 tàbí 4. Ẹ̀kọ́ ojú ọ̀sán ni èyí. Lóru, kí ó sùn, bí ó bá sì jí, kí ó lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni kí ó ṣe nígbà tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n kí àkókò tó pé? Kí ó má ṣe sáré. Èyí ni ó ṣòro jùlọ, nítorí pé ẹsẹ̀ ti mọ́ sísáré lára. Ẹni tí ń sáré ń gbọn àpò tí ó ti ń bínú tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára iṣan tí ó yẹ kí ó dì mú. Kí ó dúró gbọn-in, tàbí kí ó jókòó. Kí ó fún iṣan ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀ kíákíá, kí ó sì tú u sílẹ̀, ní ìgbà 5 tàbí 6. Nígbà tí iṣan yìí bá fún, iṣan àpò ìtọ̀ a máa rọ̀. Kí ó mí kanlẹ̀. Kí ó ronú ohun mìíràn, kí ó ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tàbí ẹsẹ orin kan nínú ọkàn rẹ̀. Ìtọ̀ tí ń gbọ̀n ni dàbí ìjì. A máa dé pẹ̀lú ariwo, a sì máa rọlẹ̀. Nígbà tí ó bá ti rọlẹ̀, kí ó wá rọra rìn lọ sí ilé ìtọ̀ bí àgbàlagbà, bí àkókò bá ti súnmọ́. Bí kò bá tíì súnmọ́, kí ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣan tí a ń wí yìí tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìbàdí bí ẹní, òun ni ó sì gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ìsàlẹ̀ ró. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ni ó tẹ ìwé jáde ní 1948 láti fi hàn pé a lè fi ìdárayá sọ ọ́ di alágbára, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti í fi ọkọ́ sọ apá rẹ̀ di líle. Láti mọ ibi tí ó wà, kí ìyá ṣe bí ẹni tí afẹ́fẹ́ inú fẹ́ jáde lára rẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn pàtàkì, tí kò sì fẹ́ kí a gbọ́. Ohun tí ó fún pọ̀ nígbà náà ni. Kí ikùn, itan àti ìdí má ṣe le, kí ó má sì ṣe dá èémí dúró. Kí ó fún un pọ̀, kí ó ka 1 dé 5, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó sinmi fún ìwọ̀n kan náà. Bí ó bá ṣe é ní ìgbà 8 sí 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó tó. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, kí ó máa kà á dé 10. A lè ṣe é lórí àga, lórí ibùsùn, nídìí ọjà, àní nígbà tí oníwàásù ń wàásù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kí ó má kàn máa fi ṣe àṣà nígbà tí ó ń tọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ìyẹn lè kọ́ àpò ní ìwà mìíràn tí kò dára, kí ìtọ̀ má sì tán nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè bóyá èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ní 1991, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 123 tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 55 sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 tí a fi kọ́ àpò ìtọ̀ wọn, iye ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn fi ìdá 57 nínú 100 dínkù. Ní 1998, a fi ẹ̀kọ́ iṣan àti sùúrù yìí wé oògùn lára obìnrin 197, tí àgbà jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 92. Ti àwọn tí a kọ́ dínkù ní nǹkan bí ìdá 81 nínú 100, ti àwọn tí ó lo oògùn ní nǹkan bí ìdá 69. Oògùn wà, dókítà sì lè fi kún ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú rẹ̀ a máa gbẹ ẹnu, a máa dí ìfun, a sì lè da iyè àgbà rú. Ní 2009 pẹ̀lú, a rí i pé àwọn obìnrin tí ara wọn sanra, tí wọ́n fi oúnjẹ àti ìrìn dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 8 nínú 100 láàrin oṣù 6, ìtọ̀ tí ń bọ́ lọ́wọ́ wọn dínkù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì. Kí ẹ kíyèsí i pé ọ̀sẹ̀ àti oṣù ni a ń kà. Ẹni tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ 4, tí ó sì jáwọ́, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Òru ni ó léwu jù. Bí àgbà bá ń sáré nínú òkùnkùn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó lè ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ sì lè kán. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò rìn dáadáa mọ́ lẹ́yìn irú ìṣubú bẹ́ẹ̀. Kí a gbé póò sí ẹ̀bá ibùsùn rẹ̀, kí iná kékeré wà nítòsí, kí a kó àpótí àti bàtà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kí ó gbé e lé orí àga fún bíi wákàtí kan ní ọ̀sán; omi tí ó sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ yóò gòkè padà, yóò sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀ lóru ni omi náà yóò gòkè wá.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, bí títọ̀ bá ń ta ènìyàn tàbí tí ibà bá bá a rìn, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ jù tí ara rẹ̀ sì ń rù, bí ohun kan bá ń yọ jáde láti ojú ara rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá dédé rọ, tàbí bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde mọ́, kí a gbé ìyá náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Àní láìsí àmì wọ̀nyí, ó dára kí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò àrùn tàbí àtọ̀gbẹ ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ìyá yín lè má sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá rí i pé ó ń fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ má ṣe bi í léèrè níwájú àwọn ọmọdé. Kí ọ̀kan nínú yín tí í ṣe obìnrin jókòó tì í, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí a sọ níhìn-ín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn alàgbà ìjọ. Ìsìn wa gùn, a kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a gé e kúrú. Ṣùgbọ́n kí a fi ìpẹ̀kun àga kọ̀ọ̀kan, níhà ẹ̀gbẹ́, sílẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà, kí wọn má bàa fo ẹsẹ̀ ènìyàn 7 kọjá kí wọ́n tó jáde. Bí ìyá kan bá dìde nígbà ìwàásù, kí àwọn tí ń fi àyè han ènìyàn má ṣe nawọ́ sí i pé kí ó jókòó. Ilé ìtọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, a ti rí i níbi púpọ̀ pé a máa ń tì í pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a sì wà lápò ẹni tí ń lu agogo. Kí a so kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ara ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ìhà àwọn obìnrin, ní ibi tí ọwọ́ ìyá arúgbó lè tó, kí ó lè mú un fúnra rẹ̀ láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.